Àmín Tó Ṣílẹ̀kùn

"Ẹ má ṣe Àmín o! Gbogbo yín, ẹ pa ẹnu dé! Ẹ má ṣe Àmín!"

Èmi ni mo ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí mo ń sáré la àárín àdúgbò Òkè-Ọ̀pẹ kọjá, gèlè mi ti tú, àpótí iṣẹ́ mi ń gbá mi nítan. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Wọ́n dúró sójú fèrèsé wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń gba àdúrà. Ilé Bàbá Oyèwùsì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ni ohùn tó ń ṣàdúrà náà ti ń jáde. Ó ròkè, ó sì tutù létí bí omi inú àmù.

"Ẹsẹ̀ tí ẹ fi jáde láàárọ̀ yìí, òun náà lẹ ó fi wọlé," ni ohùn náà wí.

"Àmín!" ni Ìyá Wúrà dáhùn láti òdìkejì ọ̀nà, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu.

Àtùpà kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń tàn bí ewé tútù láti ọdún tó kọjá. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó di pupa.

"Ìyá Wúrà! Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni?"

"Ìbídùnní, ṣé kò sí o? Àgbàlagbà jí, ó ń ṣàdúrà fún àdúgbò, ìwọ ní ká má ṣe Àmín. Ṣé ká wá máa ṣépè ni?"

"Ẹ wo òkè ilẹ̀kùn yín, mà."

Ó yọ orí síta, ó gbójú sókè. "Yéè! Mo gbé!" Ó sáré padà wọlé. Mo gbọ́ tó ń gbá ẹnu ẹ̀rọ omi, gbá, gbá, gbá. Omi ti dá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nílùú wa. Kọ̀ǹpútà ilé ló ń ṣí omi, òun ló ń ti ilẹ̀kùn, òun náà ló ń ránṣẹ́ pe oògùn. Bí àrùn bá wọ inú rẹ̀, àtùpà á pupa, ìlú á gé ilé náà kúrò lára títí ẹnì kan bíi tèmi á fi dé. Ayẹ̀rọwò ni mí. Ilé méjìléláàádọ́rin ló wà lábẹ́ èdìdì tí mo fi kọ́ ọrùn. Ọdún kejìlélógún rèé, mi ò sì rí àrùn tó ń gba inú àdúrà wọlé rí, àfi láàárọ̀ yìí tí mo rí i pé bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti ṣe Àmín ni àtùpà rẹ̀ ń pupa.

Mo ń ka àtùpà pupa bí mo ṣe ń lọ. Mẹ́rin. Méje. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá mi, ó ti di mọ́kànlá. Bàbá kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tiẹ̀ tún bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fẹ́ ṣe Àmín.

"Bàbá, ẹ máa lọ!" mo kígbe mọ́ ọn. "Ọlọ́run á gbọ́ tiyín nílé yín!"

Mo fi èdìdì kan ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ohun tí mo bá nínú yàrá náà ì bá pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀gá mi fi ìrọ̀rí bo ẹnu kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé gbogbo àyà lé e, bí ẹni tó mú adìyẹ tí kò fẹ́ kó tún sá lọ. Àdúrà ṣì ń gba abẹ́ ìrọ̀rí jáde. "Ẹ ò ní ṣòfò ọmọ. Ẹ ò ní ṣòfò ara."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

Ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n dìde jàre, ó nàka sí ògiri. Mo fa okùn iná yọ. Ohùn náà gé láàárín ọ̀rọ̀. Ẹnì kan lóde, tí kò tíì mọ ohun tó ń lọ, tún ṣe Àmín kan lé e.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò ké sí mi kó tó di pé..."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa ni. Bàbá tí mo mọ̀, tí èjìká rẹ̀ máa ń kún ẹnu ọ̀nà, ti rù. Ó fi aṣọ funfun kan wé ọrùn. Ó mú síléètì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń lò láyé àtijọ́, ó mú ẹfun, ó kọ̀wé sí i.

"Ohùn mi ti lọ."

"Lọ síbo? Láti ìgbà wo?"

Ó nu ún, ó tún kọ ọ́. "Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ọ̀fun. Dókítà gé e." Ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀ díẹ̀, mo rí ojú ọgbẹ́ náà, mo gbójú kúrò.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ lóde báyìí. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko rèé.

"Ṣùgbọ́n a jọ ń kí ara wa lórí ẹ̀rọ! Oṣù tó kọjá yìí, ẹ ní kí n kí Mofẹ́ ọmọ mi fún yín. Ohùn yín ni mo gbọ́."

Ó nàka sí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìka tẹ afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń tẹ̀wé, ó sì nàka sí ẹnu ẹ̀rọ. Ó yé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi kọ́ni níṣẹ́, gbogbo ẹ̀kọ́ tó fi ẹnu kọ́ wa ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti inú wọn, bó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ á fi ohùn tirẹ̀ gangan sọ ọ́. Òun ló fi ń bá ayé sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó nu síléètì, ó kọ èyí. "O ní ò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí o fojú ara rẹ rí i."

Ojú tì mí. Lóòótọ́ ni mo sọ pé mò ń bọ̀. Oṣooṣù ni mo ń sọ ọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ni mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ọkùnrin tó sọ mí dèèyàn, bẹ́ẹ̀ ilé mi sí tirẹ̀ kò ju kí èèyàn jẹ àgbàdo sísun kan tán lójú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló pé ọdún méjìlélógún tí mo ṣe fíríìdọ̀mù mi. Bí mo ṣe jí lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà mi dún, ohùn ọ̀gá mi ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìbídùnní, ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́." Ta ni ọ̀gá rẹ̀ máa ṣàdúrà fún tí yóò dúró gbagidi bí òpó? Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi, èmi nìkan, níwájú ẹ̀rọ. Mo ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé ẹ fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Ó mi orí. "Rárá. Lọ́dún tó kọjá mo ṣì ní ohùn, mo fi ránṣẹ́. Èmi ò ní fi ẹnu ẹ̀rọ ṣàdúrà fún ọmọ. Mò ń dúró kí o wá kúnlẹ̀ ni."

Mo ṣí àpótí mi, mo mú dígí jáde. Pákó dígí kan báyìí ni, kò tóbi ju ìwé lọ, kò ní etí, kò ní ẹnu, kì í bá ẹ̀rọ kankan sọ̀rọ̀ àyàfi èyí tí a bá fi okùn so ó mọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kó àrùn. Bí mo bá wọ ilé, òun ni mo fi ń wo inú ẹ̀rọ wọn, ohun tó bá sì rí, a máa fi pa mọ́ sára títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fọ́ ọ. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi, mo gé ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà bá ìta sọ̀rọ̀, mo dá iná padà.

Ó kọ́kọ́ fi bí àrùn náà ṣe ń ṣe é hàn wá. Lábẹ́ àdúrà ni ìbéèrè kan wà, ó rẹlẹ̀ débi pé etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ń gbọ́ ọ. "Ṣé kí n wọlé?" ni ó ń béèrè. Gbogbo ẹ̀rọ ilé ló sì mọ ohùn olówó rẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá ti fi ohùn ara rẹ̀ ṣe Àmín, ẹ̀rọ á gbà pé ó ti fọwọ́ sí i, á ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi yìí mọ̀ wá dunjú. Ó mọ̀ pé Yorùbá lè rántí kó má fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, ó lè rántí kó má ṣí lẹ́tà àjèjì, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣàdúrà fún un kó má dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni dígí wá sọ ọjọ́ tí àrùn wọ ilé ọ̀gá mi àti ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹnu ọ̀nà: èdìdì ayẹ̀rọwò.

Mo rántí aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé. Mo jókòó sílé, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mò ń jẹ ẹ̀pà. Òfin ní ayẹ̀rọwò gbọ́dọ̀ dé ilé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ibẹ̀ kó tó lù ú ní èdìdì pé kò ní àrùn. Ilé mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ti ọ̀gá mi nìkan ni mo ń lù láti inú ilé mi, láti orí kọ̀ǹpútà mi. Ta ni èmi láti lọ máa tú inú ẹ̀rọ ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú u? Àpọ́nlé ni mo pè é. Ọ̀lẹ lásán ni. Kọ̀ǹpútà mi ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ tí mo ti ṣe Àmín mi, àtùpà ilé mi sì ń tàn bí ewé tútù, nítorí èmi náà ni mò ń lù ú ní èdìdì. Ta ni ń yẹ ayẹ̀rọwò wò?

Ọ̀gá mi ti dúró lẹ́yìn mi, ó ti ka ohun tó wà nínú dígí. Ó padà sórí àga, ó kọ̀wé.

"Ta ló ń bọ̀?"

"Alàgbà Gbénró, akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀rọ. Bí àtùpà pupa bá ti lé ní mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá. Á ti wà lójú ọ̀nà."

"Á bi ọ́ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sọ pé ilé mi ni."

Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló mọ òfin náà sórí, nítorí ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, lẹ́yìn Ọdún Òùngbẹ tí àrùn kan ti omi ìlú pa fún oṣù mẹ́ta, tí àwọn èèyàn kú. Ilé tí wọ́n bá kó àrùn ràn, wọn á nu inú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn á fi ẹ̀dà tó mọ́ dá nǹkan rẹ̀ padà, ó parí. Ilé tí àrùn bá kọ́kọ́ wọ̀, tó tibẹ̀ ran àdúgbò, wọn á fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, wọn á sì sun gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Wọn kì í wò ó pé ta ni.

"Ọ̀gá, bí mo bá dárúkọ ilé yín, wọ́n á sun ẹ̀dà yín. Ohùn yín ńkọ́?"

Ó gbé èjìká sókè. "Mo ti pé ọgọ́rin ọdún. Mo ti sọ èyí tí mo fẹ́ sọ."

"Ẹ ò tíì sọ ọ́ tán."

"Wọ́n á gba èdìdì lọ́rùn rẹ. O ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹlòmíràn mọ́ láyé. Kí lo fẹ́ máa jẹ?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi náà jẹ́ èèyàn. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ohun tí mo ní wà nínú kọ̀ǹpútà mi: ìwé iṣẹ́ ọdún méjìlélógún, àwòrán Mofẹ́ ọmọ mi láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí di ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sókè òkun. Ẹ̀dà wọn wà lóòótọ́, méjì, mo sì mọ ibi tí mo fi wọ́n sí. Wọn á sun méjèèjì lójú mi.

Ẹ̀dà ti ọ̀gá mi náà wà. Òun ló kọ́ wa: ẹ̀dà kan nínú ẹ̀rọ, ẹ̀dà kan lókè àjà, ẹ̀dà kan nílé ẹni tí o fọkàn tán. Èyí tó wà lókè àjà, dígí fi hàn pé ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lánàá, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ láti fi nǹkan tuntun kún un, àrùn ti wọ̀ ọ́. Èyí tó kù wà nílé mi, nínú àpótí aṣọ, mo fi àǹkárá wé e. Oṣooṣù ló yẹ kí n máa gbé e wá kí a fi nǹkan tuntun kún un. Mi ò gbé e wá fún oṣù mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, bí mo bá jẹ́ ọmọ gidi ni, àrùn ì bá ti wọ òun náà. Ọ̀lẹ mi ló gbà á là.

Nǹkan kan ń kùn lókè. Mo bojú wo fèrèsé. Ẹyẹ onírin tó ń gbé oògùn ló dé, ó gbé páálí ọ̀gá mi há ẹsẹ̀. Ó rọ̀ sórí ilé, ó rí àtùpà pupa, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó padà síbi tó ti wá. Ọ̀gá mi tẹjú mọ́ ọn títí tó fi pòórá.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo gbé dígí kalẹ̀ nígbà tí mò ń wo ìta. Ìgbà tí mo yíjú padà, bàbá ti gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àga, ó ti gbé gìgísẹ̀ sókè. Bàtà aláwọ líle ló wọ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ẹni tó máa mọ ẹnu ọ̀nà tí àrùn gbà wọlé mọ́, ohun tí mo bá sọ fún Gbénró ni yóò di òtítọ́.

Mo dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dúró. Ó tó ìgbà tí èèyàn lè fi mí ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sọ nínú ara mi pé, òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbà ni, ta ni èmi láti bá àgbà jiyàn. Mo gbọ́ ara mi. Irú àpọ́nlé tí mo fi ń lu èdìdì láti ilé nìyẹn, òun náà ló tún dé yìí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín. Ẹ má ṣe é."

Ó ń ti ẹsẹ̀. Agbára díẹ̀ ṣì wà lára bàbá náà. Mo fi àyà lé dígí, mi ò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà lọ. Ibẹ̀ la wà, tí gèlè mi wà nílẹ̀, tó ń fi síléètì gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, nígbà tí Alàgbà Gbénró yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ńlá lábẹ́ abíyá. Gbogbo ará ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Wúrà ló ṣáájú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Gbénró wí. Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín ni. "Ṣé ìjà ni àbí ìkíni?"

"Ìkíni ni, sà," mo dáhùn láti ilẹ̀.

"Ó dáa. Ilé mẹ́tàlá ló ti pupa báyìí. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀gá mi na síléètì síta kí n tó lanu. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà: "Ilé mi." Gbénró kà á, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó yọ bíírò.

"Kì í ṣe òtítọ́," mo ní. Mo dìde, mo fi dígí lé e lọ́wọ́. "Ẹ kà á fúnra yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe Àmín sí ohùn àjèjì nínú yàrá mi, mo rò pé ọ̀gá mi ni. Ọjọ́ Ajé ni mo ti ilé mi lu ilé yìí ní èdìdì, mi ò wá síbí. Èmi ni mo kó o ràn án. Ilé mi ni kí ẹ kọ."

Gbénró ka dígí. Ó wò mí. "Ìyáàfin Ìbídùnní, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Háà!" Ìyá Wúrà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń sáré kiri pé ká má ṣe Àmín, òun gan-an ló kọ́kọ́ ṣe é! Bí ìhòòhò bá ní òun ó dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o wò." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jiyàn. Ó tọ́ sí mi.

Ilé mi ni a kọ́kọ́ lọ. Mi ò fẹ́ fa ìyẹn gùn. Gbénró fọ́ kọ̀ǹpútà mi lórí òkúta tí mo fi ń lọ ata lẹ́yìnkùlé, òòlù mẹ́rin, ó sì fi ìkòkò iná sun ẹ̀dà méjèèjì. Wọ́n ń rùn bí rọ́bà tó jóná. Mo sunkún nígbà tí ìkejì wọ iná, nítorí inú ìyẹn ni Mofẹ́ wà níbi tó ti ń kọ́ rìn, tó ń di etí àga mú. Gbénró dúró, ó jẹ́ kí n sunkún tán kó tó nawọ́ pé kí n mú èdìdì wá. Mo bọ́ ọ lọ́rùn. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Èyí wo ni ti bàbá?" ó bi mí.

Mo ṣí àpótí aṣọ, mo tú àǹkárá, mo fi ẹ̀dà ọ̀gá mi hàn án. Ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. "Oṣù mẹ́rìnlá. Ó mọ́." Ó ní òun á gbé e lọ, ọwọ́ mi kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn, ọwọ́ mi ṣófo.

Oòrùn ti dúró láàárín ọ̀run nígbà tó nu inú kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi tán, tó sì so ẹ̀dà náà mọ́ ọn. A dúró. Àtùpà òkè ilẹ̀kùn ṣẹ́jú, ó padà sí àwọ̀ ewé. Àwọn èèyàn kún ojú fèrèsé. Bàbá fa àga mọ́ ẹ̀rọ, ó na ìka méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ṣé ká ṣe Àmín ni tàbí ká má ṣe é?" Ìyá Wúrà béèrè jẹ́jẹ́.

"Ẹ dákẹ́ ná, mà," ni Gbénró wí.

Ohùn náà jáde. Ohùn ọ̀gá mi ni, tó nípọn, tó tutù, bó ṣe wà kí àìsàn ọ̀fun tó mú un lọ. Mo ti múra fún àdúrà. Mo ti kúnlẹ̀.

"Ìbídùnní," ni ohùn náà wí, "ó ti pẹ́ tí o ti wá kí mi gbẹ̀yìn."

Kò sí Àmín tí èèyàn lè ṣe sí ìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó yí àga padà sí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, lórí irun tí kò ní gèlè. Ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn tó wà lójú fèrèsé dákẹ́. Mo gbójú sókè. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn kankan tó ń jáde, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń wí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi wí i tán.

"Àmín," mo wí.